Orúnkún Tó Fẹ́ Lọ sí Mẹ́kà

Ohun tí ẹ ń fura sí náà ni. Ọkùnrin tó ń sáré kọjá létí adágún Jabi ní Àbújá láràárọ̀, tó wọ bàtà funfun tó ń tàn yanran, tó ń juwọ́ sí gbogbo ayé bí ẹni tó ń du ipò gómìnà, orúnkún ń dùn ún. Ó ń dùn ún gan-an. Tó bá dé ẹ̀yìn igi kan níbi tí ojú ènìyàn kò tó o, á di igi náà mú, á sì fún ojú pọ̀ bí ẹni tó jẹ orógbó.

Alhaji Jàbárù là ń pè é, bó tilẹ̀ jẹ́ pé kò tíì dé Mẹ́kà rí. Ọmọ Ìlọrin ni, aṣọ ló ń tà ní ọjà, Jahi ló ń gbé. Ní ọdún mẹ́rìnlá sẹ́yìn, mọ́tò tó wọ̀ dojú dé lójú ọ̀nà Lọ́kọ́jà, orúnkún rẹ̀ ọ̀tún sì fọ́. Ẹlòmíràn ì bá jókòó sílé kó máa fi ẹsẹ̀ náà gba àánú. Alhaji kọ̀. Ẹ jẹ́ ká fún un ní ẹ̀tọ́ rẹ̀: nínú àwọn ọkùnrin ọgọ́ta ọdún tí mo mọ̀ ní Àbújá, púpọ̀ wọn kì í rìn ju láti ẹnu ọ̀nà dé ìdí mọ́tò lọ. Òun ń sáré.

Ó sì nídìí. Ó ti fi orúkọ sílẹ̀ láti lọ sí Mẹ́kà lọ́dún tó ń bọ̀.

"Wọn ò ní fi kẹ̀kẹ́ aláìsàn tì mí yí Káábà ká," bó ṣe máa ń sọ nìyẹn, fún ẹni tó bi í àti ẹni tí kò bi í. "Ẹsẹ̀ mi méjèèjì yìí ni."

Ràdíátù ìyàwó rẹ̀ náà máa ń bá a wá sí etí adágún, àmọ́ òun kì í sáré. Á rìn jẹ́jẹ́, á dúró. Á jókòó sórí bẹ́ǹṣì, á dìde, á tún jókòó, á tún dìde, nígbà mẹ́wàá, bí ẹni tí kò mọ ohun tó ń fẹ́. Nílé, orí àga ló ti ń kírun.

"Ìyá Alága!" Alhaji á pè é níṣojú àlejò. "Ẹ wò ó, kò tíì pé ọgọ́ta ọdún, orí àga ló ti ń kírun. Èmi rèé, mò ń forí kanlẹ̀ geere."

Ràdíátù á rẹ́rìn-ín. "Ẹ kú ìforíkanlẹ̀, Alhaji. Dídìde ńkọ́?"

Alhaji á yára bi àlejò bóyá ó ti jẹun.

Ohun tí Ràdíátù kò mọ̀ wà nínú àpò ṣòkòtò eré ìdárayá Alhaji: oògùn ara ríro. Kẹ́míìsì kan ló ti rà á. Kò sọ ohun tó ń ṣe é. Ó kàn ní kí wọ́n fún òun ní èyí tó lágbára jù. Ó bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú ẹyọ kan lọ́sẹ̀. Nígbà tó yá, ó di méjì lójúmọ́, ọ̀kan láàárọ̀, ọ̀kan lọ́sàn-án.

Àmọ́ Alhaji máa ń gba ààwẹ̀ ní Àtìní àti Àlàmísì. Kò sì ní torí oògùn ba ààwẹ̀ jẹ́, ẹlẹ́sìn ni. Nítorí náà, á kó mẹ́rin mì lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo, méjì òòjọ́ àti méjì tí yóò gbé e dé ìṣínu, kí wọ́n tó pe ìrun àsùbáà, pẹ̀lú omi díẹ̀, láìjẹ sààrì. Lẹ́yìn náà, á lọ sáré.

Ní Àlàmísì kan, àwọn ọ̀dọ́ méjì sáré kọjá lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. "Kai, Baba! Sànnu!" ni wọ́n kí i. Ọ̀wọ̀ ni wọ́n bù fún un, àmọ́ Alhaji gbọ́ ọ bí ìpèníjà. Ó gbá tẹ̀ lé wọn. Kò tíì tó ìṣẹ́jú méjì tí òòyì fi kọ́ ọ, orúnkún yẹ̀, ó sì bá ara rẹ̀ nílẹ̀.

Ràdíátù tó ń rìn jẹ́jẹ́ bọ̀ lẹ́yìn bá a níbẹ̀, òun àti ọ̀dọ́bìnrin kan tó ń bá a rìn láàárọ̀ ọjọ́ náà.

"Ẹ má fọwọ́ kàn mí," ni Alhaji wí. "Mo kàn ń sinmi ni."

"Nínú yẹ̀pẹ̀, Alhaji?" Ràdíátù bi í.

"Yẹ̀pẹ̀ ò burú."

Ọ̀dọ́bìnrin náà kúnlẹ̀. "Ẹ káàárọ̀, sà. Gàníyátù lorúkọ mi. Iṣẹ́ fisió ni mò ń ṣe nílé ìwòsàn. Àwa la máa ń kọ́ ẹni tí eegun tàbí iṣan ń dùn bó ṣe máa rìn padà."

"Ta ló wá pè ọ́?"

"Èmi ni," ni Ràdíátù dáhùn. "Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni mò ń lọ ní gbogbo Àlàrúbá."

"Ṣé wáàsí kọ́ lò ń lọ ni?"

"Mo ní mò ń lọ síbi tí mo ti ń rí ìtura. Ẹ̀yin lẹ ní wáàsí ni."

Bí Alhaji ṣe fẹ́ fa áńkáṣíìfù yọ láti nu òógùn, páálí oògùn bọ́ sílẹ̀. Gàníyátù mú un, ó kà á.

"Mélòó lẹ ń lò, sà?"

"Méjì." Ràdíátù ń wò ó, Alhaji bá fi kún un: "Mẹ́rin lọ́jọ́ ààwẹ̀. Ẹ̀ẹ̀kan náà ni."

"Ẹ jẹun sí i?"

"Mo mu omi."

Gàníyátù rẹ ohùn sílẹ̀. "Bàbá, ẹ má bínú. Báwo ni ìgbẹ́ yín ṣe rí?"

"Irú ìbéèrè wo nìyẹn?"

"Ṣé ó dúdú?"

Alhaji yíjú sí adágún. "Bí ọ̀dà títì," ló wí. "Mo rò pé ẹ̀fọ́ ni."

"Ẹ̀jẹ̀ ni mo rò pé ó jẹ́, sà. A ò ní padà sílé o. Ilé ìwòsàn ló kàn."

Ọjọ́ márùn-ún ló lò níbẹ̀. Ọgbẹ́ ti wà nínú ikùn rẹ̀, ó sì ń ṣẹ̀jẹ̀. Kíndìnrín rẹ̀ náà ti ń ráhùn. Dókítà ní ká ní ó fi oṣù kan kún un ni, ọ̀rọ̀ ì bá kọjá ti orúnkún.

Gàníyátù wá kí i. Ó bá a tó dojú kọ ògiri, Ràdíátù jókòó tì í.

"Mẹ́kà ti bọ́ nìyẹn," ni Alhaji wí.

"Ta ló sọ bẹ́ẹ̀? Bàbá, orúnkún tó ń dùn ń bá yín sọ̀rọ̀ ni. Oògùn yẹn kò wò ó sàn, ó kàn fọwọ́ bò ó lẹ́nu ni. Ẹ wá ń sáré lórí ẹni tí kò lè ké."

"Kí n wá jókòó sílé?"

"Rárá o! Ìjókòó tún burú. Iṣan itan ló ń bá orúnkún gbé ẹrù. Tí iṣan bá rọ, orúnkún nìkan ló kù. Ẹ rìn, kí ẹ má sáré. Ẹ rìn débi tí ẹ ṣì lè máa bá èèyàn sọ̀rọ̀ láìmí hẹlẹ. Tí ìrora bá ti rọlẹ̀ kí ilẹ̀ tó mọ́, ẹ ò ṣe jù. Tí kò bá rọlẹ̀, ẹ dín in kù lọ́jọ́ kejì, ẹ má pa á tì. Lẹ́yìn náà, ẹ jókòó sórí àga, kí ẹ dìde láìfọwọ́ ti nǹkan kan. Ìgbà mẹ́wàá."

Alhaji yíjú sí ìyàwó rẹ̀. "Ìgbà mẹ́wàá?"

Ràdíátù ń wo fáànù òkè.

"Ìrun ńkọ́?" Alhaji fi ohùn kẹ́lẹ́ bi Gàníyátù.

"Ẹ bi ìmáàmù yín, sà. Àmọ́ ẹ̀yin náà mọ̀ pé Ọlọ́run kì í di ẹrù tó ju agbára ẹrú Rẹ̀ lọ."

Oṣù mẹ́jọ nìyí. Alhaji ń rìn yí etí adágún ká láràárọ̀, láìsí oògùn lápò, láìdi igi mú. Orí àga ló ti ń kírun. Orúkọ rẹ̀ ṣì wà lára àwọn tó ń lọ sí Mẹ́kà. Ká sòótọ́, ó ṣòro fún ọkùnrin onígbéraga láti rìn jẹ́jẹ́ níbi tí àwọn èèyàn ti mọ̀ ọ́n sí eléré. Mo bọ̀wọ̀ fún un ju ìgbà tó ń sáré lọ. Ó ti ní ọmọ ẹ̀yìn pàápàá. "Ìlànà mi," ló ń pè é, á sì kọ́ wọn ní jókòó-dìde lórí bẹ́ǹṣì bí ẹni pé òun ló dá a sílẹ̀.

Ẹ̀yin tí eegun àtijọ́ ń dà láàmú, ẹ má torí rẹ̀ jókòó, ẹ má sì torí ojú ayé sáré. Ẹ lọ rí oníṣẹ́ fisió kó wo ara yín, kó fún yín ní èyí tó bá yín mu. Ẹ má sọ oògùn ara ríro di oúnjẹ òòjọ́ láìsí àṣẹ dókítà, ẹ má kó o sínú ikùn òfìfo. Tí ẹ bá ń gba ààwẹ̀, ẹ sọ fún dókítà kó bá yín tún àkókò oògùn tò, ẹ má ṣe é fúnra yín. Tí ìgbẹ́ bá dúdú bí ọ̀dà, ẹ má dúró dọ̀la.

Tí ẹ bá sì dé etí adágún Jabi, Alhaji á ká ṣòkòtò sókè, á fi àpá orúnkún rẹ̀ hàn yín, á sì ròyìn ìjàǹbá Lọ́kọ́jà látòkè délẹ̀. Ẹ tẹ́tí sí i, ó mọ̀ ọ́n sọ. Ohun kan ṣoṣo ni kì í rántí fi kún un: Ràdíátù náà wà nínú mọ́tò yẹn. Itan rẹ̀ méjèèjì ló kán, irin sì wà nínú wọn dòní.