Ìjọ Tí Inès Sẹ́

"Inès, èló ni ẹyọ Ọlọ́run kan nínú ìjọ yín?"

Roméo ló béèrè, ni gbogbo ọmọ kíláàsì tó wà lábẹ́ igi bá bú sẹ́rìn-ín. "Unitaire" ni wọ́n ń pe ìjọ bàbá Inès, bẹ́ẹ̀ ọ̀rọ̀ Faransé yìí náà ni àwọn oníṣòwò ìlú wọn, Atakpamé ní Tógò, ń kọ sínú ìwé ọjà fún iye owó ẹyọ kan. Àwọn ọmọ náà kò mọ̀ pé nítorí Ọlọ́run jẹ́ ọ̀kan ṣoṣo, tí kì í ṣe mẹ́ta nínú ọ̀kan, ni ìjọ náà fi ń jẹ́ bẹ́ẹ̀. Olùkọ́ ńlá ni Jésù ní tiwọn, kì í ṣe Ọlọ́run. Ìwọ̀nba èèyàn díẹ̀ ni wọ́n, pálọ̀ bàbá Inès ni wọ́n sì ti ń pàdé.

Sabrina, akọrin ìjọ Kátólíìkì, tí ó ti ń wu Inès pé kó bá ṣọ̀rẹ́, ń wò ó. Ìtìjú bò ó.

"Kì í ṣe ìjọ wa," ó ní. "Àwọn àjọgbélé wa ló ni ín. Kátólíìkì ni wá."

Nàfísàt, ọmọ Mùsùlùmí aláṣọ kan, gbọ́ ọ. Ó pa á mọ́ra títí wọ́n fi ń lọ sílé.

"Nígbà tí bàbá wa àgbà kú," ó ní, "bàbá yín bá wa jókòó lórí ẹní títí a fi ṣe àdúrà tán. Wọ́n ní Ọlọ́run kan náà la jọ ń pè. Ṣé torí ẹ̀rín lásán lo ṣe sẹ́ wọn?"

Inès yára ẹsẹ̀, ó sì sáré wọlé tiwọn.

Bí irọ́ bá lọ lógún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ yóò bá a. Ti Inès kò tilẹ̀ pẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú, ìyá Sabrina, tí ọmọ rẹ̀ ti ròyìn ọ̀rọ̀ Inès fún, yà láti mú Inès lọ sí Mísà, ó bá ìjọ nínú pálọ̀, ó sì fi ẹ̀rín béèrè lọ́wọ́ bàbá Inès bóyá àwọn àjọgbélé tí Inès wí nìyí.

Bàbá rẹ̀ pè é sẹ́yìn ilé. Wọn kò jágbe mọ́ ọn; ìbá sàn kí wọ́n jágbe.

"Bí Mísà bá wù ọ́, máa lọ. Ilé Ọlọ́run ni, n kò ní bínú. Ṣùgbọ́n má fi irọ́ débẹ̀. Ṣé bí mo ṣe ń gbàdúrà ló ń tì ọ́ lójú?"

"Ó tì mí lójú, Pàpá," ó ní, ó sì bú sẹ́kún.

Ó padà lọ jẹ́wọ́ fún ìyá Sabrina. Ní ọjọ́ Ajé, ó jẹ́wọ́ lójú gbogbo kíláàsì. Roméo rẹ́rìn-ín, Sabrina sì gbójú kúrò lára rẹ̀. Ó dun Inès gan-an, ṣùgbọ́n ọkàn rẹ̀ fúyẹ́.

Ìgbàgbọ́ ọmọ lè yàtọ̀ sí ti òbí rẹ̀, kò sí ìjà níbẹ̀. Kó sẹ́ òbí rẹ̀ nítorí ọ̀rẹ́ ni kò dára. Ọ̀rẹ́ tí a bá fi irọ́ rà, irọ́ náà la ó máa fi bọ́ ọ.