Egungun Igba Ó Lé Ọgọ́ta

“Òórùn obì ṣì wà lára Gẹ̀ẹ́sì rẹ, Sàdíátù. Tẹlifíṣàn kì í ṣe ìsọ̀ Sábó.”

Ọ̀gbẹ́ni Afọláyan, olùkọ́ jọ́gíráfì, ló sọ bẹ́ẹ̀ níwájú gbogbo ọmọ Fọ́ọ̀mù Fáìfù. Ó fi dọ́sítà nu orúkọ Sàdíátù kúrò lójú pátákó, ó sì kọ orúkọ Láídé rọ́pò rẹ̀. Kíláàsì bú sẹ́rìn-ín. Ẹnìkan lẹ́yìn tilẹ̀ ń fa imú bí ẹni tó ń gbọ́ òórùn nǹkan.

Sàdíátù kò sunkún. Ó di etí tábìlì mú títí ìka rẹ̀ fi ń ro ó. “Sà, èmi ni mo gba ipò kìíní nínú ìdánwò tí ẹ fi yàn wá. Ipò kẹfà ni Láídé gbà.”

“Ṣé ìwọ lo fẹ́ kọ́ mi níṣẹ́ mi ni? Jókòó!”

Ó jókòó, ṣùgbọ́n inú rẹ̀ kò jókòó.

Ọdún 1983 ni, ní Òkè-Ayọ̀ Girama, Ṣàgámù. Ilé iṣẹ́ tẹlifíṣàn kan ní Abẹ́òkúta ti ní kí ilé-ẹ̀kọ́ náà mú ọmọ méjì wá síbi ìdíje ìbéèrè àti ìdáhùn. Ẹ̀bùn tó wà níbẹ̀ kì í ṣe kékeré: àwọn ọmọ méjì tó bá borí yóò ka ẹ̀kọ́ Haya, èyí tó tẹ̀ lé girama, fún ọdún méjì láì san kọ́bọ̀. Sàdíátù ló ṣe ipò kìíní, Olúdọ̀tun ṣe ìkejì. Ṣùgbọ́n bàbá Láídé, lọ́yà kan ní Ìkẹ́nnẹ́, ti sọ pé ọkọ̀ Pijó òun ni yóò gbé wọn lọ sí Abẹ́òkúta. Kò sí ọmọ kíláàsì tí kò mọ̀ pé Pijó yẹn ló nu orúkọ Sàdíátù lójú pátákó, kì í ṣe Gẹ̀ẹ́sì.

Ọdún méjì gbáko ni Sàdíátù fi ń kó ìmọ̀ jọ. Bó bá ti ilé-ẹ̀kọ́ dé, òun àti ìyá rẹ̀ a jókòó ti òkìtì obì ní Sábó, wọn a máa ṣa èyí tí kòkòrò ti jẹ sọ́tọ̀, rédíò a sì máa sọ̀rọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn. Ohun tó bá gbọ́ níbẹ̀, ohun tó bá kà nínú ìwé ìròyìn ọ̀sẹ̀ tó kọjá, ó ń kọ gbogbo rẹ̀ sínú ìwé kan tí ẹ̀yìn rẹ̀ ti ya. Àwọn awakọ̀ tó ń kó obì lọ sí Kánò ló kọ́ ọ ní orúkọ ìlú tó wà lójú ọ̀nà lọ́kọ̀ọ̀kan. Ní Òkè-Ayọ̀, bí Sàdíátù bá ti ní báyìí ni nǹkan rí, báyìí náà ni wọ́n ń gbà á.

Lọ́sàn-án ọjọ́ náà, Olúdọ̀tun sáré bá a lẹ́nu géètì. Ọmọ òrukàn ni Olúdọ̀tun, ọ̀dọ̀ ìyá ìyá rẹ̀ ló ń gbé ní Ìpara. Arákùnrin bàbá rẹ̀ ti bá a wá iṣẹ́ sí ilé-iṣẹ́ kan ní Ògijo. Bí kò bá rí ẹ̀bùn yìí gbà, ibẹ̀ ni yóò forí lé bó bá ti ṣèdánwò tán.

“Mo ti lọ bá tíṣà,” ló wí. “Mo ní bí wọn ò bá mú ẹ, èmi náà ò lọ.”

“Ṣé orí ẹ pé ṣá?” Sàdíátù jágbe mọ́ ọn. “Ta ló nílò ẹ̀bùn náà tó ìwọ? Lọ jàre! Fi mí sílẹ̀ pẹ̀lú àwọn tó ṣẹ̀ mí.”

Lọ́jọ́ kejì, Láídé wá sí Sábó. Ó dúró sẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn apẹ̀rẹ̀ obì nínú aṣọ ilé-ẹ̀kọ́ rẹ̀ tó funfun nini, ó kúnlẹ̀ kí ìyá Sàdíátù dáadáa.

“Sàdíátù, kì í ṣe èmi ni mo ní kí wọ́n yọ ẹ́,” ló wí. “Ẹ̀rù ń bà mí, kí n má parọ́. Jọ̀ọ́, yá mi ní ìwé ẹ.”

Bó bá ṣe pé Láídé ṣe ìgbéraga ni, bóyá Sàdíátù ìbá bú u kó sì tán síbẹ̀. Ohùn pẹ̀lẹ́ yẹn gan-an ló dá iná sí i. Wọ́n gba àyè òun, wọ́n tún wá gba ìwé òun!

“Kò burú,” ló dáhùn. “Ìwé tèmi ti ya. Màá dà á kọ sínú òmíràn fún ẹ. Wá gbà á lọ́jọ́rú.”

Ó dà á kọ lóòótọ́, pẹ̀lú ọwọ́ ìkọ̀wé tó mọ́ gaara. Ojú ewé ogún ló kọ, òtítọ́ ló sì kún inú rẹ̀, àyàfi ibi méjì. Níbi olú-ìlú Ọsirélíà, kàkà kó kọ Kánbérà, Sídínì ló kọ. Níbi iye egungun tó wà lára àgbàlagbà, tó yẹ kó kọ 206, ó gbé òdo lọ sẹ́yìn mẹ́fà: 260. Ọwọ́ rẹ̀ dúró díẹ̀. Olúdọ̀tun tí yóò bá Láídé ka ìwé náà ńkọ́? Ó dá ara rẹ̀ lóhùn kíá pé orí Olúdọ̀tun pé, yóò la tirẹ̀ já. Láídé nìkan ni kí ojú tì, kí Afọláyan jókòó síbẹ̀ kó máa wò ó. Ìbínú ò mọ̀ pé olówó òun ò lẹ́sẹ̀ nílẹ̀. Kò sì mọ̀ pé ẹni méjì ló jọ ń gun ọkọ̀ kan náà.

Ọ̀sán Sátidé ni wọ́n ṣe ìdíje náà. Ilé Àlàájì Àlímì ni tẹlifíṣàn wà ní àdúgbò wọn. Yísà, bàbá Sàdíátù, fa ọmọ rẹ̀ lọ́wọ́ lọ síbẹ̀. “Wọn ìbáà mú ẹ, wọn ìbáà má mú ẹ,” ló ní, “ilé-ẹ̀kọ́ ẹ ṣáà ni.”

Ìdíje náà le. Ilé-ẹ̀kọ́ kan láti Ìjẹ̀bú-Òde ni wọ́n ń bá figagbága. Láídé ń dáhùn. Ohùn rẹ̀ ń gbọ̀n, ṣùgbọ́n ó ń gbà á. Inú túbọ̀ ń bí Sàdíátù. Ìgbà tó yá, olùbéèrè yíjú sí Láídé: “Kí ni olú-ìlú Ọsirélíà?”

Sàdíátù fún ìka rẹ̀ pọ̀.

“Kánbérà,” ni Láídé wí.

Ó gbà á! Sàdíátù gbàgbé pé ilé lọ́yà kì í ṣàìní átíláàsì. Bí àṣìṣe bá wà nínú ìwé, Láídé ní ibi tó ti lè yẹ̀ ẹ́ wò. Olúdọ̀tun kò ní nǹkan kan ní Ìpara àfi ìwé yẹn.

Àwọn ilé-ẹ̀kọ́ méjèèjì wá dọ́gba. Ó ku ìbéèrè kan péré, Olúdọ̀tun ló sì kàn.

“Egungun mélòó ló wà lára àgbàlagbà?”

Olúdọ̀tun la ẹnu, ó pa á dé. Ó wo òkè, ó wo ọwọ́ ara rẹ̀. Sàdíátù dìde nílẹ̀ láàárín èrò. “Igba ó lé mẹ́fà!” ló kígbe sí tẹlifíṣàn. “Olúdọ̀tun, igba ó lé mẹ́fà ni!”

“Igba ó lé ọgọ́ta,” ni Olúdọ̀tun wí.

Agogo dún. Àwọn ọmọ Ìjẹ̀bú-Òde fò sókè. Nílé Àlàájì Àlímì, Yísà ń wo ọmọ rẹ̀ bí ẹni tí kò rí i rí.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé, Ọ̀gbẹ́ni Afọláyan ní kí Olúdọ̀tun dìde ní kíláàsì. “Olódo! Ohun tí ọmọ Fọ́ọ̀mù Wáàn mọ̀! O dójú ti gbogbo ilé-ẹ̀kọ́ yìí!”

Láídé nawọ́ sókè. “Sà, bó ṣe wà nínú ìwé tí àwa méjèèjì jọ kà nìyẹn.” Ó fa ìwé náà yọ, ó ṣí i. “Sàdíátù ló dà á kọ fún wa. Àṣìṣe ọwọ́ ni, mo rò bẹ́ẹ̀.”

Ọ̀nà àbáyọ ti là sílẹ̀ fún Sàdíátù. Bó bá ti dákẹ́, ó ti bọ́ nìyẹn. Ṣùgbọ́n Olúdọ̀tun ti yíjú sí i.

“Igba ó lé mẹ́fà ló wà lọ́kàn mi,” ló wí jẹ́ẹ́. “Mo kàn ní Sàdíátù kì í ṣàṣìṣe.”

Ọ̀rọ̀ náà gún un bí ẹ̀gún. Ó dìde.

“Kì í ṣe àṣìṣe. Mo mọ̀ọ́mọ̀ kọ ọ́ bẹ́ẹ̀ ni. Láídé ni mo dẹ ẹ́ dè.” Ó wá kọjú sí olùkọ́, ohùn rẹ̀ ròkè. “Ẹ̀yin náà, sà! Ẹ mọ̀ pé èmi ló yẹ kí ẹ mú. Nítorí ọkọ̀ ayọ́kẹ́lẹ́ lẹ ṣe pa orúkọ mi rẹ́, tí ẹ tún fi iṣẹ́ tí òbí mi fi ń bọ́ mi ṣẹ̀sín!”

“O gbójú!” Afọláyan na ọwọ́ sí pàṣán.

“Ẹ fi pàṣán sílẹ̀, Ọ̀gbẹ́ni Afọláyan.” Ìyáàfin Ilésanmí, ọ̀gá àgbà, ló wà lẹ́nu ọ̀nà. Igbe ló gbọ́ tó fi yà. “Ìwọ Sàdíátù, tẹ̀ lé mi.”

Nínú ọ́fíìsì, obìnrin náà kọjú sí i. Ìbínú wà lóhùn rẹ̀.

“Wọ́n rẹ́ ọ jẹ. Ohun tí olùkọ́ yẹn ṣe kò dára, màá gba iṣẹ́ ìdíje kúrò lọ́wọ́ rẹ̀ lónìí. Ṣùgbọ́n ìwọ, kí ló dé tí o kò wá bá mi? Ọjọ́ wo ni mo ti ilẹ̀kùn yìí pa mọ́ akẹ́kọ̀ọ́? Ẹni tó yẹ kí o gbé ìbínú rẹ kọjú sí, o kò kọjú sí i. O lọ kọ ọ́ pamọ́ sínú ìwé.”

Wọ́n ní kí Sàdíátù lọ jókòó sílé fún ọ̀sẹ̀ méjì, wọ́n sì ní kò ní ṣojú ilé-ẹ̀kọ́ náà níbikíbi mọ́ títí yóò fi jáde.

Yísà kò nà án. Ó wọ agbádá rẹ̀, ó gbé obì mẹ́wàá sínú abọ́, ó mú ọmọ rẹ̀ lọ sí Ìpara. Ìyá àgbà Olúdọ̀tun wà lẹ́nu ọ̀nà, ó ń gé ewébẹ̀. Bàbá dọ̀bálẹ̀, ọmọ kúnlẹ̀, wọ́n bẹ̀bẹ̀. Ìyá àgbà gbọ́ gbogbo rẹ̀ láì gbé ọ̀bẹ sílẹ̀.

“Mo ti gbọ́,” ló wí níkẹyìn. “Ẹ gbé obì yín padà. Ẹni tí ẹ ṣẹ̀ wà nínú yàrá. Bó bá fẹ́ jáde, yóò jáde.”

Olúdọ̀tun jáde. Kò jókòó.

“Ká ní Láídé ló ṣe é fún mi, n ò ní bínú tó báyìí,” ló sọ fún Sàdíátù. “Mo ní n ò ní lọ nítorí ẹ. O rántí? Ìwọ lo ní kí n lọ.”

“Olúdọ̀tun, dárí jì mí.”

“Mo gbọ́. Ṣùgbọ́n má wá síbí mọ́.” Ó wọlé padà, ó ti ilẹ̀kùn.

Lójú ọ̀nà Ṣàgámù, Yísà yíjú sí ọmọ rẹ̀. “Àwọn àgbà ní òkò àbínújù kì í pẹyẹ,” ló wí. “Tìrẹ pẹyẹ. Àmọ́ ẹyẹ ilé wa ló pa.”

Nígbà tí wọ́n ṣèdánwò tán, Olúdọ̀tun lọ sí Ògijo. Sàdíátù kọ lẹ́tà sí i lẹ́ẹ̀mẹta. Èsì kò wá.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́, wọ́n rẹ́ Sàdíátù jẹ lóòótọ́, ìbínú rẹ̀ kì í sì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀. Ẹni tí wọ́n bá fi ẹ̀tọ́ rẹ̀ dù ní láti bínú. Ṣùgbọ́n kó gbé ìbínú náà lọ síwájú ẹni tó ṣẹ̀ ẹ́, ní gbangba, kó fi ẹnu ara rẹ̀ sọ ọ́. Ìbínú tí a bá fi ẹ̀tàn bò kì í mọ ọ̀tá yàtọ̀ sí ọ̀rẹ́. Ẹni tó bá gba tiwa gbọ́ jù ló ń kọ́kọ́ ṣubú sí i.