Ìjókòó Ẹ̀yìn Lápá Ọ̀tún

Ìṣojú mi ni ohun tí mo fẹ́ sọ yìí ṣẹlẹ̀. Ìwé títúmọ̀ ni iṣẹ́ mi. Mo ti kọ́ láti má ṣe fi ọ̀rọ̀ tèmi kún ohun tí wọ́n bá gbé fún mi. Bí mo ṣe rí i ni n ó ṣe sọ ọ́. Ibi tí n kò bá ti mọ ìdí, n kò ní wá ìdí fún un.

Àwọn ọdún tí epo bẹntiróòlù wọ́n bí ojú ni. Ẹni tó bá rí ọkọ̀ èrò wọ̀ láti Àkúrẹ́ sí Oǹdó lónìí lè máà rí i lọ́la. Bẹ́ẹ̀, ọgbẹ́ kan wà lẹ́sẹ̀ Monílọ́lá, ìyàwó mi, tó kọ̀ tí kò jinná. Oǹdó ni ilé ìwòsàn tí wọ́n ti ń wẹ̀ ẹ́ wà, gbogbo ọjọ́ Jímọ̀ ni a sì gbọ́dọ̀ dé ibẹ̀. Dókítà sọ fún wa láìfepo bọyọ̀ pé bí a bá ń pa á jẹ, gígé ni ẹsẹ̀ náà yóò yọrí sí.

Ìdí nìyẹn tí a fi ra ọkọ̀. Ọwọ́ Adédèjì, olùkọ́ kan ní Oǹdó, ni a ti rà á. Ọkọ̀ bàbá rẹ̀ tó ti di olóògbé ni. Ọkọ̀ àtijọ́ ni, aláwọ̀ eérú, tó ti rìn títí òǹkà máìlì inú rẹ̀ fi dákẹ́ sójú kan. Àìsàn kan ṣoṣo ló ní. Bí a bá yí kọ́kọ́rọ́, ẹ́ńjìnnì a máa yí, a máa kérora, kò ní ṣíná. Nígbà mìíràn ẹ̀wẹ̀, a ṣíná lẹ́ẹ̀kan, bí ẹni pé kò kọ̀ rí.

Àdìgún ni mẹkáníìkì wa, ọmọ Ògbómọ̀ṣọ́ tó ń tún ọkọ̀ ṣe lẹ́yìn Ọjà Ọba. Aláwàdà ni. Ó ní ọkọ̀ náà kò ṣàìsàn, àgbà ló dé sí i. Ó ní òun náà kì í tètè dìde láàárọ̀. Ṣùgbọ́n ọwọ́ rẹ̀ kò ṣàwàdà. Ó yọ àwọn pílọ́ọ̀gì, ó fọ̀ wọ́n. Ó tú kábúrétọ̀ tó ń pín epo palẹ̀. Ó fi bátìrì tuntun dán an wò. Iná ń dé. Epo ń dé. Ọkọ̀ kò ṣíná. Ó ní kí n máa ṣọ́ ọ: ṣé nígbà tó bá tutù ni, àbí nígbà tó bá gbóná?

Mo ṣọ́ ọ. Kì í ṣe òtútù. Kì í ṣe ooru.

Lọ́sàn-án ọjọ́ kan ní Ọjà Ọba, ọkọ̀ náà kọ̀ fún mi títí òógùn fi bò mí. Màríámù, aránṣọ ìyàwó mi, ṣí ilẹ̀kùn ẹ̀yìn lápá ọ̀tún láti gbé aṣọ tó ti rán síbẹ̀. Ó rí eruku, ó dúró díẹ̀, ó tilẹ̀kùn, ó sì wá gbé aṣọ náà lé mi lọ́wọ́. Mo yí kọ́kọ́rọ́. Ó ṣíná lẹ́ẹ̀kan.

Mo ronú padà. Gbogbo ìgbà tí ọkọ̀ náà ti gbọ́ràn, ẹnìkan ti kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn yẹn.

Mo sọ fún Àdìgún. Ó rẹ́rìn-ín. Ó ṣí ilẹ̀kùn náà, ó tì í kíá. Ọkọ̀ kò ṣíná. Ó tún ṣí i. Níbi tó ti ń nu ọwọ́ rẹ̀, ó pẹ́ díẹ̀ kó tó tì í. Ọkọ̀ ṣíná. Ẹ̀rín kúrò lẹ́nu rẹ̀. Ó tú awọ inú ilẹ̀kùn náà, ó tan tọ́ọ̀ṣì sí i, ó ń wá wáyà tó lè so ilẹ̀kùn pọ̀ mọ́ ẹ́ńjìnnì. Irin tó ti dógùn-ún nìkan ló bá.

“Kò sí wáyà níbí, Bàbá Kíkẹ́,” ó wí fún mi. “Kí wá ni kí n tún ṣe?”

Monílọ́lá ni ó sọ ohun tí ẹnu mi kọ̀ láti sọ. Ó ní báyìí gan-an ni a máa ń ṣe fún àgbàlagbà: a ó ṣílẹ̀kùn, a ó dúró kí wọ́n jókòó dáadáa, a ó tilẹ̀kùn. Ta ní jẹ́ ṣíná sí ọkọ̀ nígbà tí àgbà ṣì wà ní ìdúró?

Láti ọjọ́ náà ni a ti ń ṣe bẹ́ẹ̀, ní àlọ àti ní àbọ̀. N ó ṣílẹ̀kùn, n ó dúró. Gbogbo nǹkan a dákẹ́. Lẹ́yìn náà, awọ ìjókòó a dún díẹ̀. Òórùn káńfọ̀ a rọra wá, bí ti aṣọ tó pẹ́ nínú àpótí. N ó tilẹ̀kùn.

Ní Oǹdó, bí wọ́n ti ń wẹ ọgbẹ́ lọ́wọ́, mo lọ bá Adédèjì. Ojú tì mí láti béèrè, ṣùgbọ́n mo béèrè bóyá ibẹ̀ ni bàbá rẹ̀ máa ń jókòó sí.

“Rárá, ẹ̀gbọ́n. Bàbá fúnra wọn ni wọ́n ń wa ọkọ̀ wọn. Kò sẹ́ni tó ń jókòó sí ẹ̀yìn yẹn. Ṣùgbọ́n wọ́n máa ń kọ́kọ́ ṣí ilẹ̀kùn rẹ̀, wọn a sì dúró.”

“Ta ni wọ́n ń dúró dè?”

Ó wolẹ̀. “Nínú àwa ọmọ, ta ni ìbá bi wọ́n?”

Jímọ̀ tí dókítà ní òun yóò pinnu dé: bí ẹran ara kò bá tíì máa bo ọgbẹ́ náà, wọn yóò gé ẹsẹ̀. Láàárọ̀, ẹ̀gbọ́n Monílọ́lá kó iṣu wá láti Ìta-Ògbólú fún àwọn nọ́ọ̀sì. Mo gbé àpò iṣu sínú ọkọ̀, mo gbé ìyàwó mi jókòó níwájú, mo ṣílẹ̀kùn, mo dúró, mo tilẹ̀kùn. Ọkọ̀ kò ṣíná. Mo tún un ṣe. Kò ṣíná. Oòrùn ń gòkè. Mo ránṣẹ́ pe Àdìgún. Iná ń dé. Epo ń dé. Ó wò mí, kò ṣàwàdà kankan.

Monílọ́lá yíjú sẹ́yìn.

“Bàbá Kíkẹ́,” ó wí jẹ́jẹ́, “níbo lẹ gbé iṣu sí?”

Orí ìjókòó ẹ̀yìn lápá ọ̀tún ni. Mo ti di ẹrù sí àyè àgbà.

Àdìgún gbé àpò náà lọ sí bùútù. Ó fi ọwọ́ gbá erùpẹ̀ iṣu kúrò lórí awọ náà, ó sì bẹ̀rẹ̀ díẹ̀, bí ẹni tí kò mọ̀ pé òun ń tẹríba.

“Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má bínú,” ìyàwó mi wí, sí ẹ̀yìn.

A dúró. Awọ dún. Àdìgún tilẹ̀kùn. Ọkọ̀ ṣíná lẹ́ẹ̀kan.

Dókítà tú ọgbẹ́ náà, ó pẹ́ lórí rẹ̀. Ẹran tuntun ti yọ, ó pupa, ó mọ́. Ó ní kò sí gígé mọ́. Kí a máa wẹ ìyókù ní Àkúrẹ́, kí a má ṣe ìyọnu wíwá sí Oǹdó mọ́. Monílọ́lá sunkún. Inú mi dùn tó bẹ́ẹ̀ tí mo fi gbàgbé. Mo gbé e síwájú, mo jókòó, mo yí kọ́kọ́rọ́.

Ọkọ̀ náà ṣíná.

A wo ara wa. N kò tíì ṣílẹ̀kùn fún ẹnikẹ́ni. Mo sọ̀kalẹ̀, mo lọ ṣí i, bí ẹ́ńjìnnì ti ń dún. Mo dúró. Mo dúró pẹ́. Awọ náà kò dún. Kò sí òórùn káńfọ̀.

Ìyàwó mi ń wo ẹnu ọ̀nà ilé ìwòsàn.

“Ta wá ni a ti ń gbé wá láti ọjọ́ yìí?” ó béèrè.

Mo ti ilẹ̀kùn náà, mo sì wakọ̀ lọ. Ọkọ̀ náà kò kọ̀ fún wa mọ́ láti ọjọ́ náà. Àdìgún a máa sọ fún àwọn oníbàárà pé òun ló tún un ṣe, ṣùgbọ́n kì í wo ojú mi bó bá ń sọ ọ́.

Àpò oògùn kan ni àwọn nọ́ọ̀sì dì fún wa lọ́jọ́ náà. Ìjókòó ẹ̀yìn ṣófo. Síbẹ̀, orí itan rẹ̀ ni Monílọ́lá gbé e lé, títí a fi dé Àkúrẹ́.