Alágbàfọ̀ Tó Ń Fi Ọṣẹ Fọ Ilé Ẹja

Ilẹ̀ ò tíì mọ́ tán tí bàbá alágbàfọ̀ ti wà nídìí ẹ̀rọ omi lẹ́yìnkùlé, ọṣẹ ń hó dé ìgbọ̀nwọ́ ẹ̀. Kì í ṣe aṣọ ló ń fọ̀ o. Òkúta ni. Òkúta wẹ́wẹ́ tó wà nísàlẹ̀ táńkì gíláàsì tí wọ́n fi ń sin ẹja nínú ilé, òun ni bàbá ń fi búrọ́ọ̀ṣì ha lọ́kọ̀ọ̀kan, bí ẹni ń fọ ọrùn ṣẹ́ẹ̀tì.

Ẹ ò lè bá a wí. Ogójì ọdún gbáko ni bàbá yìí fi fọ aṣọ fáwọn èèyàn. Aṣọ dókítà ni o, aṣọ agbẹjọ́rò ni o, tó bá ti kúrò lọ́wọ́ ẹ̀, ó di funfun báláú. Ibẹ̀ ni wọ́n ti ń pè é ní Báláú. Lójú tiẹ̀, ohun tí kò bá tàn, kò mọ́. Ohun tí kò bá sì mọ́, àìsàn ni.

"Bàbá àwọn ọmọ!" Ìyàwó ẹ̀ ló ń pariwo látinú yàrá. "Ẹ máa bọ̀ o! Pupa ò ṣe dáadáa!"

Báláú ju búrọ́ọ̀ṣì sílẹ̀, ó sáré wọlé tọṣẹtọṣẹ.

Àbí ẹ ò mọ ẹni tó ń jẹ́ Pupa? Ẹ jẹ́ ká padà sẹ́yìn díẹ̀. Ìyàwó Báláú ló yọ̀ ṣubú lórí àtẹ̀gùn, egungun ẹsẹ̀ ẹ̀ kán. Dókítà tò ó, wọ́n fi sìmẹ́ńtì funfun dè é, wọ́n ní kò gbọ́dọ̀ fẹsẹ̀ tẹlẹ̀ fún oṣù méjì. Obìnrin tí kì í jókòó sójú kan! Lọ́sẹ̀ kìíní, ó ń bínú sí gbogbo ayé, títí kan àjà ilé. Lọ́sẹ̀ kejì, kò bínú mọ́. Kò sọ̀rọ̀ mọ́. Oúnjẹ, ó kàn ń fi ṣíbí tì í síhìn-ín sọ́hùn-ún ni. Ìyẹn wá ba Báláú lẹ́rù ju ẹsẹ̀ tó kán lọ.

Ìgbà yẹn lọmọ wọn tó ń wa ọkọ̀ akẹ́rù gbé táńkì gíláàsì dé, pẹ̀lú ẹja wẹ́wẹ́ méje, irú àwọn tó ń gbé inú omi lílọ́wọ́ọ́wọ́. Ọ̀kan pupa bí iná, ìrù ẹ̀ ń wọ́ tẹ̀ lé e. Ọmọ gbé táńkì síwájú bẹ́ẹ̀dì ìyá ẹ̀, ó ki wáyà ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi àtèyí tó ń mú un gbóná bọ iná, ó kó ẹja sí i lọ́jọ́ náà gan-an, ó bá tiẹ̀ lọ.

Kí lẹ rò? Ẹnu màmá là! Ó ń bá ẹja sọ̀rọ̀, ó ń làjà láàárín wọn. Pupa lààyò. Oúnjẹ tún bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé.

Lọ́jọ́ kẹsàn-án, ẹja kan kú. Lọ́jọ́ kejìlá, òmíràn tún kú. Màmá yíjú sí ògiri.

"Bí Pupa bá lè kú," ló wí, "ẹ bá mi gbé nǹkan yẹn jáde. Mi ò lè dùbúlẹ̀ síbí kí n máa ka òkú."

Báláú ò mọ nǹkan míì tó lè ṣe ju pé kó fi kún fífọ̀ ẹ̀ lọ.

Ní báyìí, Pupa wà nínú abọ́ lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì pẹ̀lú àwọn mẹ́rin tó kù, níbi tí wọ́n ti ń dúró kí ilé wọn gbẹ. Ó léfòó sójú omi, ó ń ya ẹnu, ó ń mí gúle-gúle.

Báláú já síta. Obìnrin tó ń gbé lódìkejì ọgbà ń ti ilẹ̀kùn ẹ̀, ó ń lọ síbi iṣẹ́. Ilé-iṣẹ́ omi ló ti ń ṣiṣẹ́, Olómi ni gbogbo àdúgbò ń pè é.

"Ìwọ ọmọ yìí, dúró ńbẹ̀! Omi tẹ́ ẹ̀ ń fún wa ti fẹ́ pa ẹja ìyàwó mi tán!"

"Ẹ káàárọ̀ náà ni, bàbá," Olómi dáhùn.

"Àárọ̀ wo ló kù? Máa bọ̀!"

Olómi wọlé, ó kí màmá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó wo abọ́. Ó mú fóòmù tó máa ń wà nínú ẹ̀rọ tó ń sẹ́ omi táńkì, ó gbé e símú.

"Bàbá, kí lẹ fi fọ èyí?"

"Ọṣẹ gidi ni. Mo tún kán oògùn aṣọ funfun díẹ̀ sí i. Ẹ̀ẹ̀meje ni mo ṣan án."

"Omi ńkọ́?"

"Tààrà látẹnu ẹ̀rọ."

"Gbogbo ti tẹ́lẹ̀ lẹ dà nù?"

"Lójoojúmọ́! Ìwọ, ṣé o máa ń fi omi tó o fi wẹ̀ lánàá wẹ̀ lónìí?"

Olómi fọwọ́ bo ẹnu. Ẹ̀rín ń pa á, àánú sì ń ṣe é.

"Bàbá, ẹ má bínú sí mi o. Ìmọ́tótó yín ló ń pa wọ́n."

Báláú wo ojú ẹ̀ bí ẹni tí wọ́n pè lólè.

"Ẹ gbọ́ ná," Olómi ní. "Oògùn apakòkòrò wà nínú omi ẹ̀rọ. Àwa là ń fi í sí i kí inú má bàa run yín. Kò ṣe èèyàn ní nǹkan, àmọ́ ẹja ń mí in sára ni, ó ń jó o. Ẹ̀ẹ̀kejì, inú omi yẹn lẹja ń jẹ, ibẹ̀ ló ń tọ̀ sí, ibẹ̀ ló ń yàgbẹ́ sí. Ìdọ̀tí yẹn ń di májèlé. Àwọn kòkòrò kan wà tójú ò lè rí, ara òkúta àti inú fóòmù ni wọ́n ń gbé. Àwọn ló ń jẹ májèlé yẹn mọ́lẹ̀. Alágbàfọ̀ ẹja ni wọ́n, bàbá. Gbogbo àárọ̀ lẹ sì ń fi ọṣẹ pa wọ́n."

"Yéè! Ẹlẹgbẹ́ mi ni mò ń pa?"

"Ó tó ọ̀sẹ̀ mẹ́rin sí mẹ́fà kí wọ́n tó pọ̀ tó. Ó yẹ kẹ́ ẹ fún wọn láyè kẹ́ja tó wọlé rárá."

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́rin kẹ̀? Pupa ò ní wákàtí mẹ́rin!"

"Mo ń bọ̀," Olómi wí, ó sì jáde.

Nígbà tó padà, korobá omi kan wà lọ́wọ́ ọ̀tún ẹ̀, ó ti kán oògùn tó ń pa agbára oògùn omi ẹ̀rọ sí i. Lọ́wọ́ òsì ni fóòmù kan wà, ó dúdú, ó ń yọ̀, omi pọ̀tọ̀pọ́tọ̀ ń kán lára ẹ̀ bí àkísà mẹ́káníìkì.

"Táńkì tèmi ni mo ti yọ ọ́. Ọdún mẹ́ta rèé, ẹja mi kankan ò ṣàìsàn. Àwọn kòkòrò yẹn kún inú ẹ̀ fọ́fọ́."

Báláú na ọwọ́ méjèèjì dí ẹnu ọ̀nà. "Ìyẹn? Nínú ilé tèmi? Àfi kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sin mí!"

"Bàbá àwọn ọmọ," màmá wí látorí bẹ́ẹ̀dì, pẹ̀lẹ́pẹ̀lẹ́. "Ogójì ọdún lẹ fi lé àbàwọ́n jáde. Tìtorí tèmi, ẹ jẹ́ kí ọ̀kan wọlé."

Báláú gbé ọwọ́ sọ̀kalẹ̀. Ó wá na ọ̀kan sí Olómi. "Gbé e wá. Èmi fúnra mi ni máa fi í sí i."

Wọ́n yọ wáyà kúrò nínú iná kí wọ́n tó fọwọ́ kan nǹkan kan. Wọ́n fi omi lásán ṣan táńkì àtòkúta títí ọṣẹ fi tán, wọ́n ju fóòmù ọlọ́ṣẹ nù. Wọ́n da omi tuntun tó ti gba oògùn sí i. Báláú di ojú, ó fi fóòmù dúdú náà sáyè ẹ̀, wọ́n ki wáyà padà bọ iná, wọ́n sì jẹ́ kí omi náà lọ́wọ́ọ́wọ́ dáadáa kí wọ́n tó kó ẹja padà.

"Ẹ má fún wọn lóńjẹ títí di ọ̀túnla," Olómi kìlọ̀.

"Ebi ò ní pa wọ́n?" màmá bèèrè.

"Màmá, ikùn wọn ò ju ojú wọn lọ. Oúnjẹ tí wọn ò jẹ, ó ń rà ni, ó ń di májèlé."

Ọjọ́ mẹ́ta tó tẹ̀ lé e gùn. Ìdá kan nínú mẹ́rin omi péré ni Báláú ń pààrọ̀ lójúmọ́. Ọwọ́ ń yún un. Bó bá ti sún mọ́ táńkì, màmá á ní: "Alágbàfọ̀, mo ń wò yín o!" Lọ́jọ́ kẹrin, Pupa lé ẹja kan tó tóbi jù ú lọ kúrò nídìí oúnjẹ. Màmá pàtẹ́wọ́ bí ẹni tọ́mọ ẹ̀ gba ipò kìíní.

Oníbàárà kan wá kí wọn lóṣù tó tẹ̀ lé e. Ó wo òkúta tó ti ní ewé-omi lára, ó ní: "Báláú, ìwọ náà? Ilé ẹja ẹ dọ̀tí báyìí?"

"Má fọwọ́ kàn án," Báláú ní. "Àwọn tó wà níbẹ̀ wà lẹ́nu iṣẹ́."

Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fẹ́ bẹ̀rẹ̀ sí í sin ẹja nínú ilé, ẹ gbọ́. Ẹ má ra táńkì àtẹja lọ́jọ́ kan náà. Ẹ jẹ́ kí táńkì kọ́kọ́ ṣiṣẹ́ fún ọ̀sẹ̀ mélòó kan, kẹ́ ẹ wá máa kó ẹja sí i díẹ̀díẹ̀. Ọṣẹ ò gbọ́dọ̀ débẹ̀ láéláé. Bí fóòmù bá dí, omi tẹ́ ẹ bù nínú táńkì náà ni kẹ́ ẹ fi rọra ṣan án. Ẹ máa kán oògùn tó ń pa agbára apakòkòrò sómi ẹ̀rọ kó tó wọ táńkì, lọ́dọ̀ ẹni tó ń ta ẹja lẹ ti máa rí i. Bó bá sì sú yín, ẹ wá ẹni tó máa gbà wọ́n, ẹ má dà wọ́n sódò, torí wọ́n lè ba tàwọn ẹja ibẹ̀ jẹ́.

Ẹja ò lè ké. Kò lè kan ilẹ̀kùn yín láti sọ pé inú ń run òun. Ẹ̀yin tẹ́ ẹ fi í sínú gíláàsì lẹ gbọ́dọ̀ máa wò ó.