Ìgbà Méje Ló Tọrọ Ọmọ

Ẹsẹ̀ ni aránṣọ kọ́kọ́ rí lára ọkùnrin náà. Ẹsẹ̀ méjì yọ síta lábẹ́ ibùsùn bàbá obìnrin náà, ìbọ̀sẹ̀ ọ̀kan ti lu, bàbá sì jókòó tì wọ́n, ó ń ṣọ́ wọn bí ológbò tó ń ṣọ́ eku.

“Rọra o,” bàbá ní. “Olè wà níbẹ̀. Mo ti mú un.”

“Èmi kì í ṣe olè, bàbá,” ohùn kan dáhùn lábẹ́ ibùsùn. “Wáyà ni mò ń so.”

Ilé tí wọ́n ti ń tọ́jú àwọn àgbà tí ìgbàgbé ń bá jà ni bàbá ń gbé. Ọgbọ̀n ọdún ló fi wa bọ́ọ̀sì kí ọ̀nà tó wá dàrú mọ́ ọn lójú. Oníṣẹ́ ẹ̀rọ ni ọkùnrin náà. Ó wá tẹ́ ẹní kan tó ń ké sí àwọn nọ́ọ̀sì bí bàbá bá fẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́, ó sì gbé ẹ̀rọ kékeré kan kalẹ̀ tí yóò máa rán an létí oògùn.

Ohùn obìnrin kan ló ń ti inú ẹ̀rọ náà jáde, ṣùgbọ́n bàbá kò gbọ́rọ̀ sí i lẹ́nu. “N ò mọ obìnrin yìí rí,” ló ń wí, á sì kọjú sí ògiri. Ni oníṣẹ́ ẹ̀rọ bá bẹ aránṣọ pé kó fi ohùn tirẹ̀ sí i.

“Bàbá mi, ẹ jọ̀ọ́, àkókò oògùn ti tó.”

“Ẹ tún un sọ,” oníṣẹ́ ẹ̀rọ ní.

Ó tún un sọ títí ó fi di ẹ̀ẹ̀mẹfà.

“Kí ló ṣe èyí tí mo kọ́kọ́ sọ?”

“Kò sóhun tó ṣe é,” ọkùnrin náà ní. “Ó kàn wù mí kí n máa gbọ́ ọ ni.”

“Ẹ̀yin yìí, ẹ kì í tijú!” Aránṣọ fọwọ́ bo ẹnu, ṣùgbọ́n ẹ̀rín ti bọ́.

Ọjọ́bọ̀ ni oníṣẹ́ ẹ̀rọ máa ń wá yẹ àwọn ẹ̀rọ wò. Kò pẹ́ tí Ọjọ́bọ̀ fi di ọjọ́ tí aránṣọ náà ń wá kí bàbá. Ọkùnrin náà sọ fún un pé ìyá àgbà tó tọ́ òun ṣìnà lọ, wọn ò rí i mọ́. Ìdí nìyẹn tí òun fi kọ́ iṣẹ́ yìí. Ọ̀rọ̀ wọn wọ̀.

Ẹ̀gbọ́n aránṣọ ni kò gbà kí wọ́n fẹ́ra. Òun ló tọ́ ọ lẹ́yìn ikú ìyá wọn. Ó ti rí ẹ̀gbà tí oníṣẹ́ ẹ̀rọ fi sí bàbá lọ́wọ́, èyí tó ń sọ ibi tó bá wà.

“Ẹni tó so bàbá wa bí ewúrẹ́, òun lo fẹ́ fẹ́? N ò fọwọ́ sí i.”

Aránṣọ kò lè kọ ọ̀rọ̀ sí i lẹ́nu. Ó ní kí oníṣẹ́ ẹ̀rọ má wá òun mọ́. Ọkùnrin náà kò jiyàn. Ó yí ọjọ́ iṣẹ́ rẹ̀ padà sí ọjọ́ Ajé, oṣù méjì sì kọjá.

Lọ́sàn-án ọjọ́ Àìkú kan, ẹ̀gbọ́n mú bàbá jáde lọ najú. Ó yíjú láti dáhùn fóònù. Nígbà tó fi máa yíjú padà, bàbá ti lọ. Ó fi igbe pe àbúrò rẹ̀. Aránṣọ kò ro ó lẹ́ẹ̀mejì, ó pe oníṣẹ́ ẹ̀rọ. Ẹ̀gbà náà ló tọ́ka ibùdókọ̀ fún wọn.

Inú bọ́ọ̀sì kan tí wọ́n gbé sílẹ̀ ni wọ́n bá bàbá, ọwọ́ rẹ̀ lórí ìdarí ọkọ̀. Oníṣẹ́ ẹ̀rọ ti débẹ̀ ṣáájú, ó jókòó lẹ́yìn rẹ̀ jẹ́jẹ́ bí èrò ọkọ̀.

“Ṣé ibí lo ti ń bọ́ sílẹ̀?” bàbá bi í.

“Ó kù díẹ̀, bàbá. Ẹ ń wà á dáadáa.”

Ẹ̀gbọ́n dúró lẹ́nu ọ̀nà ọkọ̀, omi lé ròrò sí i lójú. Nígbà tó yá, ó wọ ọkọ̀, ó jókòó ti oníṣẹ́ ẹ̀rọ.

“Àna mi,” ó ní, “ẹ má bínú.”

Ó wá ku ẹnu bàbá. Oníṣẹ́ ẹ̀rọ dọ̀bálẹ̀, ó tọrọ ọmọ, bàbá sì gbà. Lọ́sẹ̀ kejì ó ti gbàgbé. Ọkùnrin náà tún dọ̀bálẹ̀. Ìgbà méje ló tọrọ ọmọ kan ṣoṣo. Ẹ̀ẹ̀kan péré ni bàbá kọ̀, ebi ló sì ń pa á lọ́jọ́ náà.

Ní kọ́ọ̀tù ni wọ́n ti so wọ́n pọ̀ láàárọ̀, wọ́n sì gba ibẹ̀ wá sọ́dọ̀ bàbá. Ó wo ìyàwó látòkèdélẹ̀.

“Ìyàwó yìí mà rẹwà o. Ọmọ ta ni?”

“Ọmọ yín ni, bàbá,” ọkọ ìyàwó ní.

Bàbá mí kanlẹ̀. “Ṣé èmi ni mo máa ní n ò mọ̀ ni? Ṣé ẹ ò rí imú rẹ̀ bó ṣe jọ tèmi ni?”