Ọjọ́ Tí Mísì George Kò Wá

Ohun tí mo fẹ́ kọ sílẹ̀ yìí ṣẹlẹ̀ sí mi ní ojúmọmọ, nínú ilé ẹ̀kọ́ tí iná mànàmáná tàn kárí. Mi ò sùn, mi ò ṣàìsàn, ìbànújẹ́ kò sì dà mí lórí rú. Ẹni tó bá fẹ́ rò bẹ́ẹ̀ lè máa rò ó. Èmi mọ ohun tí mo rí. Mo sì mọ ohun tí mi ò rí.

Ọdún mọ́kànlá ni mo fi kọ́ni ní ilé ẹ̀kọ́ kan ṣoṣo nítòsí Dallas ní ìpínlẹ̀ Texas, Amẹ́ríkà. Iṣẹ́ gbére ni, ó ní ìnṣọ́ránsì, ó sì ní orúkọ. Ṣùgbọ́n bí mo bá dé ilé, iṣẹ́ náà ti tẹ̀lé mi dé ilé. Mo ń dá ìmélì lóhùn níbi tí mo ti ń jẹun. Mo ń lálàá ìpàdé.

Ní oṣù kẹrin ọdún kan, àbúrò mi Ìbílọlá kú ní Òṣogbo. Ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógójì ni. Olùkọ́ ni òun náà. Ọjọ́ tí wọ́n máa sin ín bọ́ sí ọ̀sẹ̀ ìdánwò ìjọba. Mo lọ bá ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ pé mo fẹ́ lọ sílé.

Ó ní, "Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Ṣé kò lè dúró títí ìdánwò á fi parí?"

Bí ẹni pé òkú ló ń gba ìsinmi.

Orí fóònù ni mo ti wo ìsìnkú àbúrò mi, nínú yàrá tí a ń kó páálí ìwé sí, láàárín ìdajì wákàtí tí wọ́n fún wa láti jẹun. Àwòrán náà ń dúró, ó ń rìn. Ìgbà tí wọ́n fẹ́ ṣí pósí kí àwọn ẹbí wò ó kẹ́yìn, nẹ́tíwọ́ọ̀kì já. Mi ò rí ojú rẹ̀. Aago lù, mo padà sí kíláàsì.

Ní ìparí oṣù karùn-ún, mo fi iṣẹ́ náà sílẹ̀. Mo di olùkọ́ adelé. Bí olùkọ́ kan kò bá lè wá síbi iṣẹ́, áàpù orí fóònù á pè mí láàárọ̀ kùtù. Mo lè gbà, mo lè kọ̀. Bó bá di aago mẹ́ta ọ̀sán, mo ti bọ́.

"Détọ́lá," Ọlákúnlé ọkọ mi fi mí ṣe yẹ̀yẹ́, "o wá fi iṣẹ́ tìrẹ sílẹ̀ kí o lè máa bá àwọn ẹlòmíì ṣe tiwọn."

"Tiwọn kì í tẹ̀lé mi wálé," mo dá a lóhùn.

Mi ò kábàámọ̀ rẹ̀ títí di òní. Ẹ rántí pé mo sọ bẹ́ẹ̀.

Ní oṣù kejì ọdún yìí, ní aago márùn-ún ààbọ̀ ìdájí, áàpù pè mí. Kíláàsì kẹta ni, ní ilé ẹ̀kọ́ alákọ̀ọ́bẹ̀rẹ̀ kan ní Lake Highlands, fún ọjọ́ kan péré. Olùkọ́ tí kò ní lè wá ń jẹ́ I. George. Mo gbà á. Mo wakọ̀ láti Forney, mo gba ọ̀nà márosẹ̀ 635, òjò winniwinni ń rọ̀.

Ní ọ́fíìsì, Ìyáàfin Adéníjì tó jẹ́ akọ̀wé ibẹ̀ ló fún mi ní káàdì tí mo fi kọ́ ọrùn. Ará Abẹ́òkúta ni, ó ti lé ní ọgọ́ta ọdún.

"Ẹ káàárọ̀ mà."

"Káàárọ̀, ọmọ mi. Orí rẹ bá ọ ṣe é. Kíláàsì tó tutù jù nílé ẹ̀kọ́ yìí lo bọ́ sí. Tó bá jẹ́ kíláàsì òdìkejì ni, ìwé ni wọn ì bá máa sọ lù ọ́."

Ó tutù lóòótọ́. Fáìlì tí olùkọ́ máa ń fi sílẹ̀ fún adelé wà lórí tábìlì. Ìlà méjì ni àwọn ará ibí sábà máa ń kọ: ẹ jẹ́ kí wọ́n ka ojú ìwé báyìí, ẹ ṣeun. Ṣùgbọ́n èyí, nóòtì ẹ̀kọ́ ni, bí a ṣe ń kọ ọ́ ní Nàìjíríà. Ó fi rúlà fa ìlà pupa sí ẹ̀gbẹ́ ìwé. Orí ọ̀rọ̀. Ohun èlò. Ìgbésẹ̀ kìíní. Ìgbésẹ̀ kejì. Ìgbéléwọ̀n. Mo rẹ́rìn-ín. Mo ní, ọmọ ilé wa nìyí.

Nígbà tí mo ka ìgbésẹ̀ kẹta, ẹ̀rín kúrò lẹ́nu mi. Ó kọ ọ́ pé: "Bí wọ́n bá pariwo, ẹ kan tábìlì lẹ́ẹ̀mẹta. Ẹ dúró. Ẹ tún kan án lẹ́ẹ̀kan. Wọ́n mọ̀ ọ́n."

Nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́sàn-án, èmi àti Ìbílọlá máa ń ṣe eré ilé ìwé ní ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé wa ní Òṣogbo. Agolo mílíìkì ni àwọn akẹ́kọ̀ọ́ wa. Tí àwọn agolo bá ń ṣe ìjọ̀ngbọ̀n, a ó kan àpótí lẹ́ẹ̀mẹta, a ó dúró, a ó tún kan án lẹ́ẹ̀kan. Àwa la dá a sílẹ̀. Kò sí ẹlòmíràn tó mọ̀ ọ́n, àfi àwọn agolo.

Mo kan tábìlì lẹ́ẹ̀mẹta. Mo dúró. Mo tún kan án lẹ́ẹ̀kan.

Ọmọ méjìlélógún ká ọwọ́, wọ́n sì gbé orí lé tábìlì. Lẹ́ẹ̀kan náà. Kò sí èyí tó rẹ́rìn-ín. Kò sí àga tó dún. Mo ń gbọ́ aago ara ògiri. Mo ń gbọ́ òjò lára fèrèsé.

Ní àkókò ìṣeré, mo pe ọmọbìnrin kan tó ń jẹ́ Haneefah. Ọmọ àwọn ará Ìlọrin ni, ṣùgbọ́n Gẹ̀ẹ́sì ló fi ń dá mi lóhùn, bí àwọn ọmọ tí wọ́n bí síhìn-ín ti máa ń ṣe.

"Báwo ni Mísì George ṣe rí?"

"Ó ga. Ó ní àpá níbí." Ó fọwọ́ kan ọrùn ọwọ́ òsì rẹ̀.

"Kí ló ṣe é?"

"Ó ní ẹ̀wà ló jó òun." Ó bú sẹ́rìn-ín. "Ẹ̀wà! Báwo ni ẹ̀wà ṣe ń jó èèyàn?"

Èmi ni mo gbé ìkòkò ẹ̀wà gbígbóná tó dà sí Ìbílọlá lọ́wọ́ nígbà tí a wà ní kékeré. Ọwọ́ mi ló ti bọ́.

Nígbà tí iṣẹ́ parí, mo padà sí ọ́fíìsì.

"Màmá, ta ni Mísì George yìí?"

"Ọmọ jẹ́jẹ́. Oṣù kìíní ló bẹ̀rẹ̀. Òṣogbo ló ní òun ti wá. Kì í pa iṣẹ́ jẹ rárá, òní ni àkọ́kọ́."

"Kí ló ní ó ṣe òun?"

"Ó pè mí sílé láago márùn-ún. Ó ní èèyàn òun kan ń bọ̀ lónìí." Ó wò mí. "Ṣé kò sí o?"

Aago márùn-ún. Áàpù kò tíì pè mí nígbà yẹn. Mi ò tíì gba iṣẹ́ kankan.

Mo sọ ọ́ fún Ọlákúnlé nídìí oúnjẹ. Ó gbé ṣíbí kalẹ̀.

"Àkúdàáyà? Ní Texas? Ta ló fún un ní físà?"

Mi ò rẹ́rìn-ín. Ọlákúnlé ti àwo oúnjẹ rẹ̀ sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan.

"Ìyá mi àgbà gbà pé wọ́n wà. Wọ́n ní wọn kì í pa èèyàn lára. Iṣẹ́ wọn ni wọ́n ń ṣe jẹ́jẹ́. Bí ẹni tó mọ̀ wọ́n bá ń bọ̀, wọ́n á yẹra. Ṣùgbọ́n bó bá ká wọn mọ́, tó fojú rí wọn báyìí, ó parí nìyẹn. Wọn ò ní sí níbì kankan mọ́."

"Ṣé o gbà á gbọ́?"

"Dìákónì ni mí," ó ní. Ó tún mú ṣíbí. "Má lọ síbẹ̀ mọ́."

Mo lọ. Mi ò ní parọ́ fún yín, mo fẹ́ rí ojú rẹ̀. Ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó ọdún méjì tí mo ti ń gbé pẹ̀lú pósí tí kò ṣí lójú mi.

Ọjọ́rú ni. Kò sí ẹni tó pè mí, mi ò sì sọ fún ẹnikẹ́ni. Mo dé ibẹ̀ láago mẹ́wàá àárọ̀, mo ní mo gbàgbé ìgò omi mi.

"Lọ bá a ní kíláàsì," Ìyáàfin Adéníjì sọ. "Ó wà níbẹ̀. Ẹ̀yin méjèèjì á wá mọra yín wàyí."

Ọ̀dẹ̀dẹ̀ náà gùn. Láti òpin rẹ̀ ni mo ti ń gbọ́ ohùn obìnrin kan tó ń kàwé sókè, tí àwọn ọmọ ń dá a lóhùn. Mo mọ ohùn náà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí sáré. Ohùn náà dá, láàárín gbólóhùn.

Mo ti ilẹ̀kùn. Àwọn ọmọ ti ká ọwọ́, orí wọn wà lórí tábìlì. Kò sí àgbà kankan níbẹ̀. Ìlà kan wà lójú pátákó tí kò parí. Máákà ń yí lọ lórí tábìlì. Ó jábọ́ sílẹ̀ níwájú mi. Mo fọwọ́ kan àga. Ó ṣì lọ́wọ́ọ́rọ́. Ilẹ̀kùn kejì, èyí tó jáde sí pápá, ṣí díẹ̀, ó ṣì ń mì.

Ìṣísẹ̀ mẹ́wàá péré ni. Pápá náà tẹ́jú, kò sí igi, kò sí ògiri tí èèyàn lè fara pamọ́ sí. Bí mo bá ti yọ lẹ́nu ọ̀nà, màá rí i. Mo di ọwọ́ ilẹ̀kùn náà mú.

Haneefah gbé orí sókè. Ojú rẹ̀ ti pọ́n.

"Ṣé ẹ̀yin lẹ lé e?"

Mo ṣì di ilẹ̀kùn náà mú.

"Ẹ jọ̀ọ́," ó ní. "Ẹ jẹ́ kó padà wá."

Mo pa ilẹ̀kùn náà dé. Mi ò wo ìta.

Mo wà pẹ̀lú àwọn ọmọ náà títí di aago mẹ́ta. Mi ò parí ìlà tó wà lójú pátákó. Kì í ṣe tèmi.

Bí wọ́n ṣe lọ tán ni ọ̀gá ilé ẹ̀kọ́ pè mí. Obìnrin kúkúrú kan ni, ọlọ́yàyà. Ó ní Mísì George kò gbé fóònù. Ó ní bí kò bá yọjú di Mọ́ńdè, kíláàsì náà ti di tèmi, iṣẹ́ gbére, pẹ̀lú ìnṣọ́ránsì àti gbogbo ẹ̀.

"Àwọn ọmọ ń gbọ́ràn sí yín lẹ́nu," ó ní. "Ẹ kọ orúkọ yín síbí."

"Rárá, mà."

"Ẹ kọ́kọ́ lọ rò ó."

"Mo ti rò ó. Ẹ dúró dè é. Ẹ sì yọ orúkọ mi nínú ti ilé ẹ̀kọ́ yìí, mi ò ní wá síbí mọ́."

Ní ọjọ́ ìsìnkú, ẹlòmíràn ló dá mi dúró. Lọ́tẹ̀ yìí, èmi fúnra mi ni.

Ní Mọ́ńdè, aago méje kọjá díẹ̀, fóònù mi dún. Ìyáàfin Adéníjì ni.

"Ó ti dé o! Ó ní ara òun ni kò yá. Mo sọ fún un pé ìwọ lo bá a di kíláàsì mú."

"Kí ló sọ?"

"Ó kàn rẹ́rìn-ín. Wò ó, òun ló ń bọ̀ yìí. Jẹ́ kí n fún un ní fóònù."

Kí n tó ní kó má ṣe bẹ́ẹ̀, ó ti gbé fóònù kúrò létí. Mo gbọ́ bàtà tó ń bọ̀. Ó ń bọ̀. Ó dúró. Ariwo ọ́fíìsì jìnnà. Ẹnì kan ń mí sí mi létí, díẹ̀díẹ̀, bí ẹni tó ń dúró de ìdáhùn. Kò sọ̀rọ̀. Èmi náà ò pe orúkọ.

"Ó ti ń lọ sí aago méje ààbọ̀," mo sọ jẹ́jẹ́. "Lọ bá àwọn ọmọ."

Bàtà náà tún bẹ̀rẹ̀ sí rìn. Ilẹ̀kùn kan ṣí níbì kan. Mo gbọ́ àwọn ọmọ tí wọ́n ń kí i, gbogbo wọn pọ̀. Ilẹ̀kùn náà pa dé.

"Hẹ́lò?" Ìyáàfin Adéníjì ti padà sórí fóònù. "Ṣé ẹ ti sọ̀rọ̀?"

"A ti sọ̀rọ̀, mà."