Funfun Tí Kò Ní Ta Bàbá Lójú

Ní ẹnu ọ̀nà ilé ìtajà ọ̀dà kan ní Sakété, ọkùnrin akunlé kan fa ìlà funfun márùn-ún sí apá ara rẹ̀, ó wá ń yí apá náà sí oòrùn bí ẹni ń sun àgbàdo. Ọ̀dọ́mọbìnrin kan tí ń jẹ́ Hortense rí i, ó sì gbàgbé ohun tí ó fẹ́ rà. Ó ní ṣebí ọ̀kan náà ni gbogbo funfun wọ̀nyẹn.

"Ẹ súnmọ́ wọn kí ẹ tó bú wọn," ọkùnrin náà dá a lóhùn.

Ó súnmọ́ wọn. Lóòótọ́, ọ̀kan dà bí ẹfun, ọ̀kan bí ògì, ọ̀kan bí inú àgbọn. Ló bá sọ ohun tí ó gbé e wá. Wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ ṣe iṣẹ́ abẹ ojú fún bàbá rẹ̀. Yàrá bàbá funfun báláú, bí ọ̀sán bá sì pọ́n, ọwọ́ ni bàbá fi ń bo ojú nínú ilé ara rẹ̀. Ṣùgbọ́n alàgbà ni bàbá náà ní ṣọ́ọ̀ṣì aláṣọ funfun tí wọ́n dá sílẹ̀ ní Àjàṣẹ́. Kò gbọ́dọ̀ sí àwọ̀ mìíràn nínú yàrá tí ó ti ń gbàdúrà.

Akunlé náà ní òun á wá funfun tí ojú lè sinmi lé.

Lọ́jọ́ kejì, ó gun alùpùpù wá láti Pobè pẹ̀lú ọ̀dà tí ó ti pò nílé. Ó kun ògiri kan. Nígbà tí oòrùn kàn tàrí, ògiri náà pọ́n bí edé bíbọ̀. Hortense rẹ́rìn-ín títí. Ọkùnrin náà kò rín. Àgbàlá tí ó wà níwájú ilẹ̀kùn ni ó ń wò. Ilẹ̀ Sakété pupa, ìmọ́lẹ̀ sì ń gbé pupa náà wọlé.

"Orí sìmẹ́ǹtì àgbàlá mi ni mo ti pò ó," ó ní. "Mi ò bi ilẹ̀ yín léèrè."

Ó fi funfun mẹ́rin ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ kun ibi mẹ́rin lára ògiri, ó ní kí Hortense máa wò wọ́n láàárọ̀, lọ́sàn-án àti lọ́wọ́ ìrọ̀lẹ́. Ojoojúmọ́ ni ó ń wá béèrè ohun tí ó rí. Lọ́jọ́ kẹta, Hortense ní ìkẹrin máa ń tòògbé tí ilẹ̀ bá ń ṣú.

"Ìwọ ńkọ́, báwo lo ṣe máa ń rí nígbà yẹn?" ọkùnrin náà bi í.

"Èmi ò sí lára ògiri."

Ọjọ́ yẹn gan-an ni bàbá béèrè orúkọ rẹ̀. Ó ní Èṣùbíyìí. Bàbá ní kí ó kó garawa rẹ̀, kí Hortense má sì sìn ín mọ́. Síbẹ̀, Hortense sìn ín dé etí títì.

"Ṣé o ò lè gba orúkọ mìíràn ni?" ó bi í. "Léonce dára."

"Ìyá mi sin ọmọ mẹ́ta kó tó bí mi. Orúkọ yìí ló fi dúpẹ́. Tí mo bá jù ú nù nítorí rẹ, Hortense, ìgbà wo ni ọkàn rẹ á balẹ̀ pé mi ò ní ju ìwọ náà nù?"

Hortense padà sílé, ó kúnlẹ̀, ó sì rò ó fún bàbá bí ó ṣe gbọ́ ọ gẹ́lẹ́. Ọmọ méjì ni bàbá fúnra rẹ̀ sin kí Hortense tó dé.

"Ní kó wá parí iṣẹ́ rẹ̀," ni ohun tí ó sọ.

Ìkẹta ni wọ́n mú, èyí tí kò pọ́n lọ́sàn-án tí kò sì ṣú lálẹ́. Nígbà tí ó gbẹ, bàbá wọlé lọ́sàn-án gangan, ó jókòó, ó gbójú sókè sí ògiri. Ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì wà lórí orúnkún.

"Èṣùbíyìí," ó pè é. "Ìyá rẹ ṣì wà?"

"Ó wà, Bàbá."

"Sọ fún un kó wá. Mi ò lè fún ènìyàn lọ́mọ láì kí ìyá rẹ̀."

Èṣùbíyìí dọ̀bálẹ̀. Ó ní òun dúpẹ́, ṣùgbọ́n òun ò tíì bi Hortense fúnra rẹ̀ léèrè.

"Bi í nígbà náà," bàbá wí, ó sì rọra dijú.

Èṣùbíyìí kò tíì dìde nílẹ̀ tí Hortense fi yọ láti ẹ̀yìn ilẹ̀kùn.

"Mo gbà," ó ní. "Dìde, ọ̀dà wà nílẹ̀ tí o dọ̀bálẹ̀ sí."